Abínibí Kọ́ Ni Ìmọ̀ Ìkọ́ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí òwe yìí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó ti forí ṣe fọrùn ṣe kí ó tó gbọ́ èdè kan ni ó yẹ kí ó lè júwe ọ̀nà èdè náà fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ kíkọ́ àwọn àjèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì òwe yìí ni ó gbòde. Ẹni tí kò jìn sí kòtò rí, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé kòtò kan wà lójú ọ̀nà, òun ni a ń fi ṣe atọ́nà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Láti ilẹ̀ Ṣáínà títí dé Kòríà, láti Sípéènì títí dé ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ Yorùbá tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, tí ó sì ti dúró níwájú pátákó fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á kọ ìwé béèrè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pé, ìwà rẹ̀ kò sì lábùkù. Èsì tí yóò gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tí a bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń fẹ́.

Ọ̀nà méjì ni irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà fèsì. Àwọn kan á káwọ́ lérí, wọn á gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àwọn kejì á fi ìbínú dáhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí àwọn, pé òun ni àwọn fi ka ìwé láti kékeré, pé àwọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àwọn tí ó káwọ́ lérí gba irọ́ ẹlòmíràn gbọ́; àwọn tí ó bínú fi irọ́ tiwọn kún un. Apá méjèèjì ni ó ṣìnà, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n jọ gbà: pé ìbí ni ó ń sọ ènìyàn di olùkọ́. Èrò yìí ni ó yẹ kí a gbé sórí ìwọ̀n.

Ibi tí Iṣẹ́ Náà ti Ṣẹ̀

Bí a bá tọ ìtàn iṣẹ́ yìí dé orísun, a ó rí i pé àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kò ka abínibí sí ohun tí ó tó tán. Ní ọdún 1913 ni Yunifásítì Cambridge kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó di ìyá fún ọ̀pọ̀ ìdánwò tí a ń ṣe lónìí. Ènìyàn mẹ́ta péré ni ó jókòó fún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì fìdí rẹmi. Ta ni a ṣe ìdánwò náà fún? Àwọn àjèjì ni, àwọn tí ó fẹ́ padà lọ máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé-ìwé ilẹ̀ òkèèrè. Kí ni a sì bi wọ́n? Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ, wọ́n dán ìmọ̀ ìró èdè wọn wò, wọ́n sì ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti èdè mìíràn sí Gẹ̀ẹ́sì àti láti Gẹ̀ẹ́sì sí èdè mìíràn. Èyí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tí a fọkàn sí pé yóò di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ òkèèrè ni ẹni tí ó gbọ́ èdè méjì, tí ó sì lè fi ọ̀kan wo èkejì.

Ní ọdún 1922 ni Harold Palmer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí ilẹ̀ Japan láti gba ìjọba ibẹ̀ nímọ̀ràn lórí bí a ó ṣe máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Títí di ọdún 1936 ni ó fi wà níbẹ̀. Olóhùn Gẹ̀ẹ́sì gidi ni Palmer, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a ń wárí fún. Ìmọ̀ ìró àti gírámà tí ó jókòó kọ́, àti ọ̀nà ìkọ́ni tí ó ń dán wò lọ́dọọdún, ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Bí ó bá jẹ́ ti ìbí nìkan ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Japan nígbà náà ni ìbá ti di ọ̀gá bíi tirẹ̀.

Nígbà wo wá ni èrò ìbí gba ìjókòó? Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lábẹ́ àsíá àjọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì pé jọ sí Makerere ní ilẹ̀ Uganda, wọ́n jíròrò lórí kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1992, Robert Phillipson yẹ àwọn èrò tí ìpàdé náà fún lágbára wò, ó sì rí márùn-ún tí ó pè ní èké. Àkọ́kọ́ ni pé kí a má fi èdè mìíràn kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tí a bí sínú Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ tí ó pé. Ẹ̀kẹta ni pé bí ó bá ti yá tó ni ó dára tó. Ẹ̀kẹrin ni pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pọ̀ tó ni àbájáde rẹ̀ yóò dára tó. Ẹ̀karùn-ún ni pé bí a bá ń lo èdè mìíràn púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yóò bàjẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Phillipson fúnra rẹ̀, ó sì ti bá àjọ British Council ṣiṣẹ́ rí. Kì í ṣe ìlara ni ó ń bá a jà. Ohun tí ó rí ni pé èrò márààrún jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tí ó ni ọjà náà fi ń dáàbò bo ọjà wọn.

Ìwé Ìrìnnà Ni, Ahọ́n Kọ́

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ ọjà kọ́ nìyí, pé ohùn tí ó dá ṣáká ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba Kòríà Gúúsù ní irú ìwé ìwọ̀lú kan tí wọ́n ń pè ní E-2, èyí tí a ń fún àwọn olùkọ́ èdè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ti ń kà sí ilẹ̀ abínibí Gẹ̀ẹ́sì nídìí ìwé yìí: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ ìkẹyìn yìí ni kí a dúró lé lórí. Nínú ìkànìyàn tí Gúúsù Áfíríkà ṣe ní ọdún 2011, kò tó ènìyàn mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sọ nínú ilé. Zulu ni èdè tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilé wọn. Kò sí ẹni tí ó ń bá ọmọ Gúúsù Áfíríkà du oúnjẹ rẹ̀, nítorí olùkọ́ gidi pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Zulu tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé bá lè gba inú ilẹ̀kùn náà wọlé, tí ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé kò sì lè gbà á wọlé, a jẹ́ pé àwọ̀ ìwé ìrìnnà ni ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wò. Kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ibẹ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kà sí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Jàmáíkà wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìjọba kan náà ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè òfin àti èdè ìwé fún Nàìjíríà kí ó tó kúrò ní ọdún 1960.

Ẹ tún wo ti ìmúrasílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí a ń pè ní CELTA. Orísun rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kúkúrú tí John Haycraft dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Bí ènìyàn bá fi gbogbo ọjọ́ ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò gbà. Wákàtí mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi kọ́ni lójú àwọn olùdánwò. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tí ó lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tàbí ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, tí ó sì lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́, ni a ń fi sẹ́yìn ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin múra sílẹ̀. Ní ibòmíràn, ẹni tí kò tilẹ̀ múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, bí ó bá ti jẹ́ ọmọ ibi tí wọ́n fẹ́, ni yóò gba iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí yóò gbé ẹsẹ̀ tí ó kán fún ẹnìkan kìkì nítorí pé ẹni náà ní egungun nínú ara.

Ohun tí Ẹni tí Ó Kọ́ Èdè Mọ̀

Kí ni ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ tí ẹni tí a bí sínú rẹ̀ lè má mọ̀? Ìdáhùn wà nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìhun sílébù. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so kọ́ra nínú sílébù kan, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi fáwẹ́lì la àárín ọ̀rọ̀ tí a bá yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ń fi fáwẹ́lì pa á dé. A ń pe kíláàsì, a ń pe mílíìkì, a ń pe bọ́ọ̀sì. Ará Japan náà ní irú òfin yìí nínú èdè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá sọ di kíláàsì, kurasu ni ó ń pè é. Ohun tí Yorùbá ń pè ní mílíìkì, miruku ni lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ọ̀sì sì di basu. Olùkọ́ tí a bí sínú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì kọ́ ìmọ̀ ìró, á gbọ́ kurasu, á rò pé ahọ́n ọmọ náà ni ó wúwo. Olùkọ́ Yorùbá á rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó mọ kòtò náà. Òun fúnra rẹ̀ ti jìn sí i rí, ó sì mọ bí a ti ń jáde níbẹ̀.

Èkejì ni ohùn. Èdè olóhùn ni Yorùbá, ohùn mẹ́ta ni ó ní. Èdè olóhùn ni Mandarin tí ìjọba Ṣáínà ń lò, mẹ́rin ni ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ohùn láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Títẹ sílébù kan ju èkejì lọ ni ó ń lò. Yorùbá ti wá ọgbọ́n sí èyí láti ọjọ́ pípẹ́: sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ̀, Yorùbá á sábà gbé ohùn òkè lé e. Ẹ wo tíṣà, ẹ wo lọ́yà, ẹ wo kọ̀ǹpútà. Níbi tí ohùn òkè wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ tí ó mọ èyí lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà ti ní lẹ́nu, kí ó sì mú un rìn díẹ̀díẹ̀ dé ibi títẹ sílébù. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohùn wà yóò kàn máa tún ọ̀rọ̀ pè sókè ni, bí ẹni tí ń bá adití sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni gírámà. Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú arọ́pò-orúkọ: ó lọ, ó wá, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Bí Mandarin ti rí lẹ́nu náà nìyí: tā ni wọ́n ń pè fún ọkùnrin, tā náà ni fún obìnrin. Abájọ tí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Beijing fi ń ṣe irú àṣìṣe kan náà nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi arọ́pò-orúkọ akọ pe ìyá wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la. Ti Mandarin náà kì í yí. Olùkọ́ tí èdè abínibí tirẹ̀ rí báyìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún un ìdí tí ọmọ náà fi kọ́sẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Síbẹ̀, kí a má tan ara ẹni jẹ. Jíjìn sí kòtò nìkan kò sọ ènìyàn di atọ́nà. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí kòtò ti jìn tó, kí ó sì mọ ibi tí a ó gbẹ́sẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àkọ́sórí, tí kò lè ṣàlàyé òfin kan, tí kò sì kọ́ ìmọ̀ ìró èdè tirẹ̀ rí, kò sàn ju olóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ìwé-ẹ̀rí orí ẹ̀rọ ayélujára, tí a ń fi owó rà láìdúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, kò lè di àlàfo yìí. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò.

Ẹ̀yìnkùlé Ni Ọ̀tá Wà

Bí a bá ti bá àwọn ará òkèèrè wí tán, ó yẹ kí a yíjú sílé, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èrò márùn-ún tí Phillipson pè ní èké, àwọn ilé-ìwé aládàáni ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń fi ṣe ìlànà jù lọ lónìí. Ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé á san owó ìtanràn, tàbí kí ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Òbí á sanwó, inú rẹ̀ á dùn, á ní ọmọ òun ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé náà pé ta ni ó kọ́ ìmọ̀ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn olùkọ́ wọn, ẹnu á wọlẹ̀. Fífi èdè abínibí gún ọmọ lára kì í ṣe kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rí sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nínú ìtàn náà ni pé olùkọ́ tí a dìídì kọ́ fún un ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe olùkọ́ kan ṣáá. Nígbà tí a sì fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún mẹ́ta ìkẹyìn, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹ̀kọ́ tí Ifẹ̀ kọ́ni nìyí: Yorùbá kì í pa Gẹ̀ẹ́sì; àìsí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ ni ó ń pa á.

Kàkà kí a mú ẹ̀kọ́ yìí lò, ẹ̀yìn ni a ń rìn. Ní ọdún 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Lára ìdí tí a gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi yìí ru ìlànà ọdún 2022, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ọmọ tí ó wọ ìwé kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022 yóò lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, yóò lo mẹ́fà mìíràn ní girama. Ọdún 2034 ni yóò tó jókòó fún ìdánwò àṣekágbá. Báwo ni èso tí kò tíì yọ ìtànná ṣe lè fa inú rírun fún ẹni tí ó jẹun lánàá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀dọ́ tí ó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ lókè òkun ní tààrà. Bí ìjọba tirẹ̀ bá ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá kò lè gbé inú ọmọ kan pọ̀, pẹ̀lú ẹnu wo ni òun yóò fi sọ fún àwọn ará Kòríà pé jíjẹ́ elédè méjì ni ọlá òun?

Ohun tí Ó Yẹ ní Ṣíṣe

Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe sẹ́ èdè rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan wà, ní Èkó àti ní ibòmíràn, tí wọn kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹjọ́ wọn kọ́, ẹjọ́ àwọn tí ó tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó wá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun mọ̀, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀ka tí ó jókòó lé. Bí ó bá di ti ìbí, kò lè borí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá di ti ìmọ̀ èdè méjì, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí kò gbọ́ ju èdè kan lọ kò lè bá a dọ́gba.

Èkejì, kí ó má ṣe gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ ka orí agbanisíṣẹ́ ìlú kan. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba Ṣáínà gbé òfin kan jáde tí ó ká àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lọ́wọ́ kò, tí ó sì ní kí wọ́n má ṣe gba olùkọ́ tí ó wà lókè òkun láti máa kọ́ ọmọ wọn mọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́, títí kan àwọn tí ó ń fi ìbí yangàn. Ẹni tí kò ní ju ohùn lọ kò ní ibi tí yóò yà sí. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ ìwé ẹ̀kọ́, bí a ti ń ṣètò ìdánwò, àti bí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn, ni iṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè run.

Ẹ̀kẹta, kí ó wo itòsí. Ọ̀nà Ṣáínà jìn, ọ̀nà Kétu kò jìn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Faransé ni èdè ìjọba, èdè àjèjì sì ni Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. Ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Níbo ni a tún ti lè rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò jókòó níwájú àjèjì, tí àjèjì náà yóò sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀? Láti ọdún 1991 ni Nàìjíríà ti dá abúlé ẹ̀kọ́ èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè gbọ́ Faransé. Irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí ó fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fi Yorùbá ṣe afárá láàárín wọn, yẹ ní ohun tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá lè jókòó rò.

Ẹ̀kẹrin, kí ó rántí pé Yorùbá náà jẹ́ èdè tí àjèjì ń kọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni Ebenezer Lasebikan ti wà ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní Yorùbá ní yunifásítì. Títí di àkókò tí a wà yìí, ètò Fulbright ti kó ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ láti Nàìjíríà sí yunifásítì Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ni ní Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn wọ̀nyí pé orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó jẹ́ olóhùn Yorùbá. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe tí àwọn olóhùn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Bí ọmọ Bùràsíìlì kan bá kọ́ Yorùbá dójú àmì, tí ó sì kọ́ ìmọ̀ ìkọ́ni, kí a má ṣe tì í ní ilẹ̀kùn pé a kò bí i ní Ọ̀yọ́. Òfin tí a kò fẹ́ kí a fi dá wa lẹ́jọ́, kí a má fi dá ẹlòmíràn.

A kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ti àwọn tí ó ń múra fún ìdánwò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ń sọ fún lójoojúmọ́ pé àkókò tí wọ́n ń lò lórí ìhun sílébù, lórí àmì ohùn, lórí arọ́pò-orúkọ Yorùbá, àkókò tí ó ṣòfò ni, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé wọn dé òkè òkun. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ṣàlàyé ìdí tí Yorùbá fi ń pe mílíìkì ti ní ìdajì àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ Japan yóò nílò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìwé Yorùbá tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ tí ó bá fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, tí ó lọ yá ti ẹlòmíràn wọ̀, kí ó má bínú bí ẹni tí ó ni ín bá bọ́ ọ lára rẹ̀ láàárín ọjà.